Ẹja Tí Kò Tó Pátákó

Ṣèyítán, ọ̀kan nínú àwọn apẹja ebúté, da ẹja inú ọ̀rá kan sílẹ̀ lójú Zubair, wọ́n sì ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì ìta ilé. Ẹ̀pìyà ni gbogbo wọn. Ìpẹ́ wọn ṣì ń dán, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

"Ẹ kà wọ́n, ẹ̀gbọ́n," Ṣèyítán wí. "Méjìdínlógójì ni. Inú ọkọ̀ yín la ti kó wọn láàárọ̀ yìí. Ẹ bi ọmọ yín bóyá mo parọ́ mọ́ ọn."

Zubair kò kà wọ́n. Ó wo ẹja, ó wo Muslimah ọmọ rẹ̀ tó fara ti ògiri, tí omi ọ̀sà rin híjáàbù rẹ̀ títí dé àyà, ó tún wo ẹja. Ó yẹ kí inú bí i. Ó wá inú bíbí náà nínú ara rẹ̀ títí, kò rí i. Láti ọjọ́ tó ti wẹ òkú bàbá rẹ̀ ló ti dà bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ní ọkùnrin gidi ni, pé wọn ò rí omijé lójú rẹ̀. Ọkùnrin gidi kọ́ o jàre. Inú rẹ̀ kàn ṣófo ni.

Ní ebúté tiwọn, tí kò jìnnà sí Ìwópin, ẹni tó bá pa irú ẹja bẹ́ẹ̀ ti rúfin tí ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí ẹja fẹ́ tán nínú ọ̀sà, Alhaji Yẹ̀kínì Ọládòṣù, bàbá Zubair, gé pátákó kan tó gùn láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ṣóńṣó ìka àárín. Ó ní ẹja tí kò bá tó pátákó yìí, ọmọdé ni, kí wọ́n dá a padà sómi kó lọ dàgbà. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á da ojú ọkọ̀ rẹ̀ délẹ̀ létí omi fún oṣù mẹ́ta. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Alhaji fúnra rẹ̀ da ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ dé nígbà kan, àwọn méjèèjì kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí àbúrò náà fi kú. Ẹja pọ̀ lọ́dún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, òkìkí Alhaji sì kàn. Àwọn ará Makun-Omi wá kọ́ ọgbọ́n náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe wáàsí.

Ọjọ́ kẹrìndínlógójì tí Alhaji kú ni wọ́n da ẹja sílẹ̀ lójú ọmọ rẹ̀ yìí. Ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán, Zubair ni wọ́n máa gbé pátákó náà lé lọ́wọ́. Òun ni yóò máa wọn ẹja, òun ni yóò sì máa dá ẹjọ́ ebúté.

Bàbá Láwàl, tó dàgbà jù nínú àwọn apẹja, ló bá Ṣèyítán wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. "Zubair," ó wí, "n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọmọ ẹ ni, ọkọ̀ ẹ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì, kí ni bàbá ẹ á ṣe?"

Zubair dìde. Kò wọ bàtà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ó di ìdí ọkọ̀ rẹ̀ mú, Ṣèyítán sì di orí mú. Wọ́n yí i dé, *gbàà*, lórí iyanrìn. Ọkọ̀ tó ń fi bọ́ ilé nìyẹn o, fún oṣù mẹ́ta gbáko. Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ lódìkejì dáwọ́ dúró. Ẹnìkan ń ké pé ẹ̀ẹ̀ẹ̀, àní Zubair fúnra rẹ̀! Zubair gbọn iyanrìn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó padà sílé.

Òkú ẹja náà kò ṣeé jẹ, kò sì ṣeé dá padà. Iṣẹ́ olùpátákó, ẹni tí pátákó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni láti rì wọ́n mọ́lẹ̀. Bàbá Láwàl ní kí Zubair bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

* * *

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Asimawu ìyàwó rẹ̀ jáde láti ìdí ààrò tó ti ń yan ẹja, èéfín ṣì wà lójú rẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan látàárọ̀. Ìgbà yìí ló wá bú mọ́ ọmọ rẹ̀.

"Muslimah, kí ló ṣe ẹ́ gan-an? A rán ẹ lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, a ò rán ẹ lọ kọ́ olè jíjà! Ilẹ̀ ibojì bàbá àgbà ẹ ò tíì gbẹ o! Ọjọ́ mélòó ló kù tí wọ́n máa gbé nǹkan lé bàbá ẹ lọ́wọ́?"

"Ẹ má bínú, màámi. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo máa fi jáde ni. Mo fẹ́ kó wọn pamọ́ ni, n kò mọ̀ pé Bùọ̀dá Ṣèyítán ti jí."

"Iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹja eèwọ̀?"

"Àfi àwọn náà. Ẹja tó tó pátákó, gbogbo ayé ló ti la ikùn wọn. Àwọn tá à ń dá padà yìí, ta ló ti la ikùn wọn rí? Ẹ̀yin ńkọ́, màámi? Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ta ló wo inú wọn?"

Asimawu wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ọ̀bẹ rẹ̀ ti la ẹja tí kò níye, ṣùgbọ́n kò la ọ̀kan rí tí kò tó pátákó.

Zubair ti mú ọkọ́. Ó ti gbẹ́ ihò dé ìdajì lẹ́yìn ilé. "Sọ ohun tó o fẹ́ sọ," ó wí, láì gbójú sókè.

Muslimah gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó mú ẹ̀pìyà kan, ó là á láti ìdí dé ọrùn, ó fi àtàǹpàkò ṣí ikùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹyin ló kún ibẹ̀, ó pọ́n, ó sì tóbi, irú èyí tó kù díẹ̀ kí ẹja yé. Ó mú òmíràn. Ẹyin. Ó mú ẹ̀kẹta, akọ nìyẹn, àtọ̀ funfun sì ń ṣàn lára rẹ̀. Ó la méje, kò sí ọ̀kan tí kò tíì gbó.

Asimawu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń la ikùn ẹja láti kékeré kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún òun. "Àgbà ni wọ́n," ó wí jẹ́jẹ́. "Yéè! Kì í ṣe ọmọdé. Àgbà ni wọ́n."

"Àgbà ni wọ́n, màámi. Wọn ò lè tóbi ju báyìí lọ mọ́."

"Nígbà tí mo bí ẹ, ẹ̀pìyà mẹ́fà ló ń kún àwo ìyanja mi. Ní báyìí, mo ń tò ó tó ogún. Mo ti rò pé ojú mi ló ń ṣe mí."

Zubair fi ọkọ́ sílẹ̀. "Kí ló sọ wọ́n dà báyìí? Ṣé omi ni?"

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n bi màámi ní nǹkan kan." Ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Tí ẹ bá ń pa gbogbo adìyẹ yín tó bá tóbi lọ́dọọdún, tó jẹ́ àwọn ràrá nìkan lẹ fi sílẹ̀ pé kó máa yé, irú adìyẹ wo lẹ máa ní tó bá di ọdún mẹ́wàá?"

"Ràrá náà ni. Kí la tún fẹ́ ní?"

"Ohun tí pátákó ṣe nìyẹn. Ẹja tó bá yára tóbi, a ó kó o kó tó yé. Ẹja tó bá rọra ń dàgbà, tó tètè yé nígbà tó ṣì kéré, a ó dá a padà, a ó sì ní kó máa lọ bímọ. Irú ọmọ wo ló máa bí? Irú ara rẹ̀ ni. Ọmọ náà bí ọmọ, ọmọ bí ọmọ, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọwọ́ wa ló ṣà wọ́n."

Eṣinṣin ti ń bà lé ẹja lórí.

"Kì í ṣe ẹ̀pìyà nìkan," Muslimah tún wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bí gbogbo ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà nìyẹn, kódà níbi tí kò sí èèyàn. Ọ̀dá ń ṣà, àrùn ń ṣà, ẹyẹ tó ń jẹ ẹja náà ń ṣà. Èyí tó bá bọ́ níbẹ̀ ló máa bí ti ọ̀la. Kò sẹ́ni tó jókòó síbì kan tó ń pinnu rẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó ń pinnu," Zubair wí.

Kì í ṣe ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdáhùn. Ogójì ọjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí gbogbo ẹni tó wá kí i ti ń sọ fún un pé Ọlọ́run ló pinnu. Ó ti ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé o sọ ọ́ fún bàbá àgbà ẹ?"

"Mo fẹ́ sọ fún wọn nígbà Iléyá. Àárẹ̀ ti mú wọn nígbà yẹn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n máa tọ́jú ẹja àwọn. N kò lè sọ ọ́, bàbá mi."

"Ó dáa tó ò sọ."

Ó kó ẹja náà sínú ihò, èyí tí wọ́n là àti èyí tí wọn ò là, ó bò wọ́n. Nígbà tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, ó rí i kedere bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Tó bá gba pátákó ní Jímọ́ọ̀, á máa bá iṣẹ́ tó pa ẹja run lọ pẹ̀lú ojú méjèèjì tó là sílẹ̀. Tí kò bá gbà á, àfi kó dìde lójú gbogbo ayé, lọ́jọ́ àdúrà bàbá rẹ̀, kó sọ pé bàbá òun ló run ẹja wọn. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń wo ẹrù orí ẹlòmíì ló ṣe ń wò ó.

* * *

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, lẹ́yìn ìrun Láásárì, ó lọ bá Alfa Akóredé ní mọ́ṣáláṣí. Alfa àti Alhaji jọ kọ́ kéwú ni láti kékeré. Ó bá a tó ká apá aṣọ sókè, tó ń yí ẹ̀rọ omi àlùwàlá kan tó ń jò.

Zubair ro gbogbo rẹ̀ fún un. Alfa ń tẹ́tí, ó ń fi okùn rọ́bà wé ọrùn ẹ̀rọ náà.

"Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ àwọn oníyunifásítì yẹn," ó wí nígbà tó yá. "Wọ́n fẹ́ kí á gbà pé ohun gbogbo kàn ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Zubair, apẹja ni ẹ́. O mọ ẹ̀pìyà. Tí ewu bá dé, á la ẹnu rẹ̀, gbogbo ọmọ rẹ̀ á rọ́ wọ ibẹ̀, á pa ẹnu dé. Á tún tú wọn síta nígbà tí ewu bá lọ. Ta ló kọ́ ọ? Ṣé ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ló gbọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó dá a ló fi ọgbọ́n náà sí i. Ẹni yẹn náà ló sì mọ ìwọ̀n tó wọ̀n fún un."

"Mo bi Muslimah bẹ́ẹ̀. Ó ní ìgbà kan wà tí àwọn kan la ẹnu tí àwọn kan ò là á. Àwọn tí kò là á, ẹja ńlá jẹ ọmọ wọn tán. Àwọn tó là á ló ní àrọ́mọdọ́mọ."

Alfa fa okùn rọ́bà náà le. "Ìyẹn náà ò sọ pé kò sí Ẹni tó gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà bi í. Ó ní ìyẹn kọjá ohun tí rúlà òun lè wọ̀n."

Alfa rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rín in, ó sá bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ọmọọmọ Yẹ̀kínì gan-an ni." Ó ṣí omi wò. Kò jò mọ́. Ó jókòó ti Zubair lórí òkúta àlùwàlá.

"Alfa, tí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ṣé mo ti ba bàbá mi lórúkọ jẹ́?"

"O ti bà á jẹ́. Kí n má tàn ẹ́. Ohun rere ni bàbá ẹ fẹ́ ṣe, àníyàn rẹ̀ dára, Ọlọ́run á sì san án lẹ́san àníyàn. Ṣùgbọ́n aráyé kì í rí àníyàn." Ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Gba pátákó. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, kó o rọra gé díẹ̀ lára rẹ̀. Ọdún kejì, díẹ̀ sí i. Láìsí ariwo. Òkú ò ní jìyà, alààyè ò ní jìyà."

Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn Zubair ló lè gbà á nírú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Zubair dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, Alfa gbàdúrà fún un. Lójú ọ̀nà, ó gbìyànjú láti mọ èyí tí òun fẹ́ nínú méjèèjì. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ra ìyọ̀ tí Asimawu rán an, ó sì lọ sílé.

* * *

Jímọ́ọ̀ pé. Wọ́n ṣe àdúrà ogójì, wọ́n fi àkàrà àti ẹ̀kọ ṣe sàráà, gbogbo èèyàn sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ebúté. Ohun tí wọ́n ti ṣètò láti ìgbà ayé Alhaji ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba pátákó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ju àwọ̀n. Ẹja àkọ́kọ́ tó bá tó pátákó nínú àwọ̀n náà, á gbé e lé pátákó lójú gbogbo wọn, ìkòkò ilé rẹ̀ ló sì máa lọ. Wọ́n yá a ní ọkọ̀ Bàbá Láwàl.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ju àwọ̀n. Ìgbà kẹta ló wúwo. Nígbà tó fà á dé ibi tí omi ò ju orúnkún lọ, ẹja inú rẹ̀ ń ta pọ́nún pọ́nún. Kéékèèké ni gbogbo wọn, bíi márùndínlọ́gọ́ta. Àfi ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀kan yẹn ti ń sá fún wọn látọjọ́ yìí. Kì í ṣe pé ó tó pátákó nìkan, ó fi ìrù àti ìlàjì orí yọ níbẹ̀. Àwọn èèyàn hó gèè. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tó wà níbẹ̀ kò rí irú ẹ̀pìyà bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ̀bùn Alhaji nìyẹn!" ẹnìkan kígbe. "Láti ọ̀run ló ti fi ránṣẹ́!"

Zubair di ẹja náà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ikùn rẹ̀ le. Ẹyin ló kún un, òun náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ẹja mú. Gbogbo ohun tí Muslimah sọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, tó ń mí. Ohun tó ṣẹ́kù nínú irú àwọn ẹja tí bàbá rẹ̀ ń pa nígbà tí òun ṣì kéré nìyí, ó sì kù díẹ̀ kó di ọbẹ̀.

"Gbé e lé pátákó," Ṣèyítán wí. Ó na pátákó náà sí i.

Zubair kò gbé e lé e. "Mo fẹ́ sọ̀rọ̀," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, kò sì ròkè. Bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíì ló ṣe sọ ọ́. "Àwọn ẹja kéékèèké tá à ń dá padà, ọmọdé kọ́ ni wọ́n. A ti la ikùn wọn. Ẹyin wà níbẹ̀. Àwọn ńlá la ti ń pa tán, a ò jẹ́ kí wọ́n bímọ, àwọn ràrá là ń fi sílẹ̀. Ìdí tí ẹja wa fi rí báyìí nìyẹn. Bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀. Èmi náà bá a ṣe é, èmi náà ò mọ̀. Bàbá mi ṣe àṣìṣe."

Ó tẹ̀ ba, ó ti ọwọ́ bọ omi, ó sì tú u sílẹ̀. Ẹja náà kọ́kọ́ dúró bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbọn ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.

Ariwo ta. Ẹnìkan ní orí rẹ̀ ti yí. Ẹnìkan ní ọmọbìnrin yẹn ló fi ìwé bà á lórí jẹ́. Obìnrin kan bú sẹ́kún pé Alhaji mà gbé o, pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló bú u lójú òkú. Alfa Akóredé di ojú rẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Zubair dúró sínú omi pẹ̀lú jàlàbíà funfun rẹ̀ tó ti tutù dé itan, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì ta á lára.

"Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fi sílẹ̀!" Ṣèyítán pariwo. Ó gbé pátákó náà sókè fún gbogbo èèyàn. Inú ń bí i ní tòótọ́, torí ó fẹ́ràn Alhaji, omi sì wà lójú rẹ̀. "Ebúté ò ní wà láìlólùpátákó! Ẹ dá mi lóhùn! Èyí tó bá tó pátákó, tiwa ni!"

"Tiwa ni!" wọ́n dáhùn.

"Èyí tí kò bá tó, ti Ọlọ́run ni!"

"Ti Ọlọ́run ni!"

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Zubair ti ń dáhùn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là fúnra rẹ̀ láti bá wọn dáhùn, ló bá pa á dé.

Ó ku ẹnìkan. Àfi tí àgbà ebúté bá sọ pé ó di òfin ni ohun tí wọ́n ké tó lè di òfin. Ṣèyítán kọjú sí Bàbá Láwàl. Bàbá Láwàl jókòó sórí ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wo ojú omi níbi tí ẹja ńlá náà gbà lọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọ̀n, níbi tí àwọn kéékèèké ṣì ti ń ta.

"Muslimah dà?" ó bèèrè. "Ẹ ní kó mú ọ̀kan wá nínú wọn. Kó mú ọ̀bẹ dání."